A Kì í Mu Omi Ká Tó Kan Omi

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹfà

Bàbá mi,

Wọn ò mú mi o. Kí n tó kí yín, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí, nítorí mo mọ̀ pé onígbàjámọ̀ ti fi fọ́tò yẹn han gbogbo ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀ láti gẹ irun. Nọ́ńbà tó wà láyà mi kì í ṣe nọ́ńbà ẹ̀wọ̀n. Àwọn méjì tó dì mí lápá mú nínú fọ́tò náà kì í ṣe ọlọ́pàá. Nọ́ọ̀sì ni ọ̀kan, èkejì ni olórí alásè ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Mi ò jalè, mi ò lu ẹnikẹ́ni, kò sì sẹ́ni tó ń lé mi. Eré ni mo ń sá. Èmi fúnra mi ni mo fi orúkọ sílẹ̀ pé màá sá a, kódà mo jí ní kùtùkùtù nítorí rẹ̀.

Mo wá kí yín báyìí. Ẹ kú iṣẹ́ ilẹ̀. Ṣé ẹsẹ̀ ọ̀tún yín ti fúyẹ́? Ṣé ìyá mi ti dá ẹkún dúró? Ǹ bá ti pè yín, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí fóònù yín ti wà nísàlẹ̀ kànga olùkọ́ àgbà, tí ẹ sì ti búra pé ẹ ò ní ra òmíràn nígbà tí ẹ mọ ibi tí tiyín wà, lẹ́tà ló kù fún wa. Mi ò lè gba orí fóònù onígbàjámọ̀ bá yín sọ̀rọ̀. Ohun tí èèyàn bá sọ sétí rẹ̀ láàárọ̀, gbogbo orí tó bá gẹ̀ lọ́jọ́ náà ni yóò gbé e lọ sílé.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ẹ rántí pé ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ilé ìwòsàn ni mo wà. Ìsàlẹ̀ ilé ni, kò ní fèrèsé. Ẹ̀rọ ìfọṣọ mẹ́fà ló wà níbẹ̀, àti ẹ̀rọ ìlọṣọ ńlá kan tó ń gbé aṣọ ìbùsùn mì lápá kan, tó sì ń pọ̀ ọ́ jáde lápá kejì. Lọ́dọọdún, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan nílé ìwòsàn yìí máa ń yan ẹnì kan tí yóò sá eré kìlómítà mọ́kànlélógún yí ìlú ká. Ìdajì máratọ́ọ̀nù ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀ka tí ẹni rẹ̀ bá sá a parí, wọn á kọ orúkọ ẹ̀ka náà sára pátákó kan nínú yàrá ìjẹun. Àwọn ará ilé ìdáná ti wà lórí pátákó yẹn lẹ́ẹ̀mọkànlá. Àwọn tó ń gbálẹ̀ wà níbẹ̀. Àwọn tó ń tọ́jú òkú pàápàá wà níbẹ̀. Àwa alágbàfọ̀ ò débẹ̀ rí.

Ọ̀gá wa ti lo ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n nísàlẹ̀ ilé yẹn. Obìnrin tí kì í pariwo ni, ní òpin ọdún yìí ló sì máa fẹ̀yìn tì. Òun fúnra rẹ̀ ló fi orúkọ sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Nígbà tó ku oṣù mẹ́ta, orúnkún rẹ̀ wú. Olórí alásè wá dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, ó ní kí àwa kúkú máa bá ọṣẹ wa lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Mo sọ fún un lójú gbogbo èèyàn pé èmi ni màá sá a.

Òtútù ni mo fi kọ́ eré náà, Bàbá. Ooru ni mo fi sá a. Títí di ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ náà, a ṣì ń wọ kóòtù. Àárọ̀ ọjọ́ eré ni afẹ́fẹ́ ṣàdédé wúwo bí aṣọ ìnura tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹ̀rọ. Oòrùn ilé wa ń jóni ni, ṣùgbọ́n á gbẹ òógùn ẹni dànù. Ooru ti ibí yìí jókòó síni lọ́rùn, kò sì dìde mọ́. Ọkùnrin kan mú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní kí gbogbo èèyàn rọra, kí wọ́n sì mu omi níbi tábìlì omi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tó wà lójú ọ̀nà. Àwọn èèyàn ń mirí. Èmi ń rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún olórí alásè pé níbi tí wọ́n bí mi sí, àárọ̀ tútù la máa ń pe irú èyí.

Mo bọ́ fìlà mi, mo gbé e lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ti fẹ́ gbéra, bí ẹ ṣe máa ń gbé tiyín lé orí òkìtì yanrìn, tí ẹ máa ń tẹrí ba síbẹ̀ kí ẹ tó wọ kànga. Obìnrin kan sáré tẹ̀ lé mi pé mo gbàgbé fìlà. Mo ní mi ò gbàgbé, kó dá a padà síbi tó ti mú un. Ó wò mí bí ẹni wo ẹni tí orí ń yí.

Bàbá, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mi ò mu omi. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé agbẹ́kànga kì í mu omi kó tó kan omi, ìlà ìparí sì ni omi tèmi. Ní tábìlì kìíní, wọ́n na ife sí mi, mo kọ̀. Ní ìkejì, mo kọ̀. Ọkùnrin kan dúró níwájú ilé rẹ̀, ó ń fi rọ́bà omi fọ́n àwọn tó ń kọjá. Mo sá gba òdìkejì ọ̀nà. Nígbà tí mo fi dé tábìlì kẹfà, mi ò làágùn mọ́ rárá, mo sì rò pé ara mi ti mọ́ ọn lára ni.

Ní kìlómítà kẹtàdínlógún, mo rí yín. Ẹ jókòó sórí òpó iná, ẹ ní kí n fa okùn. Mo fa okùn. Okùn tí wọ́n fi dí ọ̀nà kí ọkọ̀ má baà kọjá ni. Mo fà á títí igi tí wọ́n so ó mọ́ fi wó, ọkùnrin tó ń ṣọ́ ọ sì ń bẹ̀ mí. Olórí alásè, tó ń sá fún ilé ìdáná, ti wà níwájú mi nígbà náà. Ó gbọ́ ariwo, ó padà wá, ó gbé mi lé èjìká, títí nọ́ọ̀sì kan fi wá bá a dì mí lápá mú. Òun náà ò sá a parí nìyẹn. Àbúrò onígbàjámọ̀ tó ń gbé níhìn-ín ló rí fọ́tò wa, tó fi ránṣẹ́ sílé.

Kìlómítà mẹ́rin ló kù. Orúkọ wa ò sí lórí pátákó. Ṣùgbọ́n wọ́n ní gbogbo ẹni tí ooru dá dúró lè wá tún un sá ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹsàn-án. Màá tún un sá. Dókítà ní bí mi ò bá mu omi lọ́tẹ̀ yẹn, mo lè má jí. Mo ní dókítà ò gbẹ́ kànga rí. Ẹnu yín nìkan ni mo ń wò.

Èmi ni ọmọ yín tí orí rẹ̀ le.


Ọgbọ̀njọ́, oṣù Kẹfà

Ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé, ó bá wa láàyè. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ti fúyẹ́, tòsì ló kù. Ìyá rẹ ti dá ẹkún dúró, ó ti bẹ̀rẹ̀ èébú, nítorí náà ara rẹ̀ ti yá. Onígbàjámọ̀ wá tọrọ àforíjì. Ó ní òun ò sọ pé wọ́n mú ọ, pé òun kàn sọ pé ó jọ ọ́.

Mo ní ẹjọ́ láti bá ọ rò. Àwọn àgbà ní èèyàn kì í déédéé sáré nínú ẹ̀gún; bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Ìwọ fẹnu ara rẹ sọ pé kò sí ohun tó ń lé ọ. O ò sì sọ ohun tí ò ń lé. Ìyá rẹ tún ní o sọ nígbà kan pé ibi tí wọ́n ti gbéra náà ni wọ́n ń sá padà sí. Ṣé ẹ gbàgbé nǹkan síbẹ̀ ni? Èmi rán ọmọ lọ sókè òkun, kó lọ dúró sójú kan kó ṣiṣẹ́. Mi ò rán ọ lọ yí ìlú onílùú ká bí ajá tó ń wá ibi tó máa sùn sí.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ omi yẹn. Mo ka lẹ́tà rẹ nínú ìpàdé àwa agbẹ́kànga. Nígbà tí mo kà á dé tábìlì kẹfà, àwọn kan dìde. Akọ̀wé wa ní òun ò rí irú rẹ̀ rí, pé ọmọ gbé òfin bàbá rẹ̀ kọjá òkun, kò sì dà á nù sójú ọ̀nà. Ọkọ àbúrò ìyá rẹ sunkún. Wọ́n ní kí n tún un kà, mo tún un kà. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ń kọjá, àwọn èèyàn ń kí mi ní ìkíni méjì.

Nípa ti dókítà àti ti oṣù Kẹsàn-án, ọ̀rọ̀ yẹn gùn, ìwé yìí ò gbà á. Òfin ni òfin. Fi bàtà rọ́bà ránṣẹ́ sí mi, kó ga dé orúnkún. Èyí tí mo ní ti ń mu omi ju àwa tó ń gbẹ́ ẹ lọ.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹrin, oṣù Keje

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Bàbá rẹ ò mọ̀ pé mo kọ ìwé yìí. Ó ti lọ ka lẹ́tà rẹ fún àwọn tí kò wá sí ìpàdé.

Mo ti fẹ́ ọkùnrin yìí fún ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, mi ò tú u síta rí, mi ò sì ní ti orí lẹ́tà bẹ̀rẹ̀. Nǹkan kan péré ni mo fẹ́ sọ. Èmi ni mo ń fọ fìlà yẹn. Mo mọ ìdí tí inú rẹ̀ fi máa ń tutù nígbà gbogbo, nígbà tí ìta rẹ̀ gbẹ. Bi bàbá rẹ ní ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Fi ìwé bi í, kó lè fi ìwé dáhùn. Tó bá jẹ́ pé ẹnu ni, yóò yí ọ̀rọ̀ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń ro ó.

Mu omi, ọmọ mi. Mi ò bí ọ kí o lè gbẹ.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù Keje

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Bàtà rọ́bà ti wà lọ́nà, ó ga dé orúnkún, ó tún lé díẹ̀.

Mo ti gbọ́ tẹnu yín nípa eré. Ẹ ní kí n dúró sójú kan. Mo ti dúró sójú kan láti ìgbà tí mo dé, Bàbá, nísàlẹ̀ ilé tí kò ní fèrèsé. Ohun tí mò ń lé ni orúkọ àwọn tí a jọ dúró síbẹ̀. Bí mo bá jókòó jẹun ní yàrá yẹn, pátákó náà máa ń wò mí. Àwọn alásè ti sọ mí ní Ràkúnmí. Bí mo bá gbé àwo mi dé iwájú wọn, wọ́n á bi mí bóyá mo ti mu omi ọdún yìí.

Ẹnì kan tó fẹ́ràn wa méjèèjì ní kí n bi yín ní ohun tó wà lábẹ́ fìlà yín, èyí tí ẹ máa ń gbé lé orí òkìtì yanrìn. Èmi ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Mo mọ̀ pé ilẹ̀ lẹ ń bọ̀wọ̀ fún. Ṣùgbọ́n mo ní màá béèrè, mo sì ti béèrè. Kí ló wà lábẹ́ rẹ̀?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dáhùn, nítorí ọ̀rọ̀ ti dé ojú rẹ̀ níhìn-ín. Ọ̀gá wa ní àfi kí n ṣèlérí pé màá mu omi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òun á lọ fa orúkọ mi yọ fúnra òun. Mo ní pátákó ńkọ́? Ó ní kí pátákó jóná. Ó ti ń fẹ́ orúkọ wa lórí nǹkan yẹn fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n o, Bàbá, ó sì sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní mi ò lè purọ́ fún un. Ọjọ́ tí a kan omi nínú kànga tó gbẹ̀yìn kí n tó wá síbí, ẹ bu omi ẹrẹ̀ yẹn sí àtẹ́lẹwọ́ mi, ẹ ní níbikíbi tí mo bá dé, kí n má fi òfin wa sílẹ̀. Mo mu ún, mo jẹ́jẹ̀ẹ́. Mo ṣàlàyé èyí fún ọ̀gá wa. Ó ká aṣọ ìbùsùn mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ló wá bi mí pé, “Tí o bá kú, ta ló máa wá sọ fún bàbá rẹ pé o pa òfin mọ́?”

Ẹ̀yin lẹ ní èsì ìbéèrè yẹn. Bí ẹ bá ní kí n mu, màá mu. Bí ẹ bá ní kí n má mu, mi ò ní mu, màá sì sá a bí wọ́n bá tilẹ̀ fa orúkọ mi yọ. Ojú ọ̀nà gbogbo èèyàn ni.

Ọmọ yín.


Ogúnjọ́, oṣù Kẹjọ

Bàbá mi,

Ẹ ò dá mi lóhùn. Àwọn tó gbé bàtà lọ ní ẹ fọwọ́ sí ìwé pé ẹ gbà á, nítorí náà mo mọ̀ pé ẹ wà láyé, ọwọ́ yín sì lè kọ̀wé.

Ó ku ọjọ́ mẹ́rìnlélógún. Mi ò bínú. Mo kàn ń sọ fún yín pé ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè tó dákẹ́, a máa ń fi ohun tó sọ kẹ́yìn ṣe ìdáhùn rẹ̀. Ohun tí ẹ sì sọ kẹ́yìn ni pé òfin ni òfin.

Mo kí ìyá mi.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù Kẹjọ

Ọmọ mi,

Lẹ́tà tí o fi bi mí ní ìbéèrè ti wà lọ́wọ́ mi láti ọ̀sẹ̀ méjì. Èyí tí o máa kọ tẹ̀ lé e ò tíì dé, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó máa wà nínú rẹ̀, nítorí èmi ni mo bí ọ. Kì í ṣe pé ọwọ́ mi dí. Ojú ló ń tì mí.

Jẹ́ kí n ti orí ọkọ àbúrò ìyá rẹ bẹ̀rẹ̀. O mọ̀ ọ́n, ó sanra tó èèyàn méjì, ó sì tún ní ọwọ́ èèyàn mẹ́ta. Lẹ́yìn tó gbọ́ lẹ́tà rẹ, ó búra níwájú ìpàdé pé láti ọjọ́ náà lọ, òun náà ò ní mu omi mọ́ títí òun á fi kan omi. Ọjọ́ kẹta tí a wà lórí kànga tuntun, mo pè é láti òkè, kò dáhùn. Òòyì ti kọ́ ọ, ó jókòó sínú ẹrẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Èèyàn méje ló fà á jáde. Onígbàjámọ̀ wà lára wọn, ó sì ya fọ́tò.

Nígbà tó mu ìgò omi mẹ́ta tán, tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, ó wò mí níwájú gbogbo wọn, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin kì í mu ún lóòótọ́?”

Ìyá rẹ wà níbẹ̀. Ó kàn rìn lọ síbi òkìtì yanrìn, ó gbé fìlà mi kúrò lórí rẹ̀.

Ìgò omi ló wà níbẹ̀, ọmọ mi. Ó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí wọn ò tíì bí ọ. Mò ń mu ún kí n tó wọlẹ̀, mo sì ń mu ún bí mo bá jáde. Ohun tí o rí tí o pè ní pé mo ń tẹrí ba fún ilẹ̀ nìyẹn.

Ìwọ gbọ́ ìdí òfin náà. Kì í ṣe bàbá mi ló dá a sílẹ̀. Ìyá mi ni. Òun ló máa ń fa okùn fún bàbá mi. Ẹni tó bá ń mu omi nísàlẹ̀ kànga, láìpẹ́ yóò fẹ́ tọ̀, kó tó lè tọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ fà á jáde. Ìyá mi ní òun ò wá sílé ọkọ láti máa fa ọkọ jáde lẹ́ẹ̀mẹfà lójúmọ́ nítorí ìtọ̀. Wọ́n jà sí i, ìyá mi ṣẹ́gun. Bí òfin ṣe di òfin nìyẹn. Nígbà tó kàn mí, mo gbà á bí o ṣe gbà á, títí bàbá mi fi fi ìgò tirẹ̀ hàn mí. Ó yẹ kí n fi tèmi hàn ọ́.

Mi ò fi hàn ọ́ nítorí bí o ṣe máa ń wò mí. Nígbà tí o wà ní kékeré, o máa ń jókòó sẹ́bàá yanrìn, o máa ń wò mí bí ẹni pé mi ò lè gbẹ láyé. Mo ní kí n gbádùn rẹ̀ fún ọdún kan sí i. Ọdún kan náà di ọ̀pọ̀ ọdún. O wá gbé irọ́ mi lọ sókè òkun, o fi sáré nínú ooru, ó kù díẹ̀ kó pa ọ́, èmi sì ń kà á fún àwọn èèyàn, wọ́n ń dìde fún mi.

Ìsàlẹ̀ kànga tutù. Orí ilẹ̀ ni ìwọ wà. Mo tú ẹ̀jẹ́ náà. Bó bá fẹ́ mú ẹnikẹ́ni, kó wá mú mi, èmi ni mo parọ́. Mu omi.

Fìlà náà ló wà nínú àpò yìí. Ìyá rẹ ti fọ̀ ọ́. Bí o bá sá eré yẹn, sá a parí. Bí o bá sì parí, kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi kí onígbàjámọ̀ tó gbọ́.

Bàbá rẹ. Bàtà náà bá mi mu.


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Kẹsàn-án

Bàbá mi,

Mo mu omi.

Lẹ́tà yín dé nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta. Mo bínú sí yín fún odidi ọjọ́ kan. Mo bínú tó bẹ́ẹ̀ tí òùngbẹ fi gbẹ mí, mo mu ife omi méjì níbi tí mo ti ń bínú, kí n tó mọ ohun tí mo ṣe. Bí ìbínú náà ṣe tán nìyẹn. Mo ka lẹ́tà náà fún ọ̀gá wa. Nígbà tí mo dé orí ìyá yín àti ìtọ̀, ó ní láti jókòó sórí àpò aṣọ ìdọ̀tí. Ó ní kí n fi fìlà náà han òun. Ó yí i padà lọ́wọ́, ó wo inú rẹ̀, ó wá lọ ṣí àpótí tí a ń kó fìlà iṣẹ́ wa sí, àwọn funfun tí a fi ń bo irun. Kò sọ ohun tó fẹ́ fi wọ́n ṣe.

Oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n ní yóò tutù. Àárọ̀ ọjọ́ náà, ooru tún padà wá bí àlejò tó gbàgbé agbòòrùn. Ọ̀kan náà ni, ó ń lẹ̀ mọ́ni lára. Ọkùnrin ẹ̀rọ gbohùngbohùn tún sọ̀rọ̀, èmi náà sì mirí bí àwọn yòókù. Olórí alásè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. A ò tíì sọ̀rọ̀ gidi láti ọjọ́ tó gbé mi. Mo ní kó máa lọ bó bá rí i pé mò ń fà á sẹ́yìn. Ó ní òun ti gbé mi lẹ́ẹ̀kan, òun mọ bí mo ṣe wúwo, ó sàn kí òun máa ṣọ́ mi.

Ní tábìlì kìíní, ọ̀gá wa wà níbẹ̀ lórí àga, ó na orúnkún rẹ̀ síwájú. Fìlà funfun kan wà lórí itan rẹ̀. Ó gbé e sókè, ìgò omi wà lábẹ́ rẹ̀. Mo dúró, mo mu ún tán lójú rẹ̀, nítorí ó ní kí n mu ún tán lójú òun. Mo ní ọ̀kan nínú ọkàn mi. Ní tábìlì kejì, ọkùnrin gíga tí a jọ ń ti aṣọ sẹ́nu ẹ̀rọ ìlọṣọ ló gbé fìlà dání. Méjì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹni tó ń tọ́jú òkú. Mi ò mọ̀ pé a mọ ara wa tó bẹ́ẹ̀. Ó ní òun wá rí i dájú pé òun ò ní rí mi níbi iṣẹ́ òun. Ẹ̀kẹrin ni nọ́ọ̀sì inú fọ́tò. Ọkùnrin rọ́bà omi náà wà níwájú ilé rẹ̀, ó dá mi mọ̀, ó gbé rọ́bà sílẹ̀ kí n má baà tún sá. Mo lọ dúró níwájú rẹ̀, mo na ọwọ́ méjèèjì. Ó fọ́n mi láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, bàtà mi ń dún títí mo fi parí eré. Ẹ̀karùn-ún nìyẹn.

Àwọn alágbàfọ̀ méjì tó kù jọ dúró síbì kan, fìlà kan ṣoṣo láàárín wọn. Wọ́n ń jiyàn lórí ẹni tó máa gbé e sókè. Mo gbé e sókè fúnra mi. Ó di méje, nítorí èèyàn ni mo ń kà.

Bàbá, òótọ́ ni ìyá yín sọ. Lẹ́ẹ̀mẹrin ni mo yà kúrò lójú ọ̀nà lọ tọ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, olórí alásè, tí mo ti ròyìn lẹ́tà yín fún lójú ọ̀nà, dúró síta, ó ní òun gbà pẹ̀lú ìyá àgbà, ó yẹ kí òfin wà. Ìyá arúgbó kan tó ń rìn, tó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kọjá wa, a ò tún rí i mọ́.

Ní kìlómítà kẹtàdínlógún, ọkùnrin tó ń ṣọ́ okùn rí mi lọ́ọ̀ọ́kán, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di igi rẹ̀ mú. Mi ò mọ̀ bóyá èmi ló dúró tì tàbí igi, ṣùgbọ́n ó kí mi, mo kà á mọ́ ọn. Mẹ́jọ. Olórí alásè ni mẹ́sàn-án. Lẹ́tà ìyá mi wà lápò mi, òógùn ti rin ín, mo ka ìyá mi sí ẹ̀kẹwàá.

Wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú mọ́kànlá la fi sá a. A jọ wọlé ni, kò sẹ́ni tó gbà kí ẹnì kejì gba iwájú tàbí kó gba ẹ̀yìn. Lánàá, wọ́n kọ orúkọ wa sára pátákó. Ọ̀gá wa fi aṣọ nù ún kí ọ̀dà tó gbẹ, ìdí lẹ́tà tó gbẹ̀yìn nínú orúkọ náà sì fà lọ sísàlẹ̀. Akunlé ní òun á tún un ṣe. Ọ̀gá wa ní kó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé ẹni tó bá rí i á mọ̀ pé alágbàfọ̀ ló dé ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ kí onígbàjámọ̀ tó gbọ́ nìyí. Kó tó ku kìlómítà kan, wọ́n ń tún ọ̀nà ṣe, wọ́n da òkìtì yanrìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ti lọ síbẹ̀ fúnra mi láàárọ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo débẹ̀, fìlà yín ṣì wà lórí yanrìn náà bí mo ṣe fi í sílẹ̀, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Mo tẹrí ba. Àwọn èèyàn rò pé ooru ti tún mú mi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí sáré bọ̀. Olórí alásè ní ta ni mò ń kí. Mo ní bàbá mi ni.

Mo gbé fìlà náà sókè, ìgò omi tí mo fi sábẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Mo ní mọ́kànlá. Mo mu omi, mi ò sì kà mọ́.

Ọmọ yín.